Ìpín Kẹ́hìndé

Ọmọ náà yán, ó la ẹnu gbàgà, Ìbíyẹmí sì rí i pé ahọ́n rẹ̀ ti pa aró.

Ó kọ́kọ́ rò pé ojú òun ló ń ṣe òun. Láti ìdájí ló ti wà lórí ìdúró, ọmọ kẹrin rèé tó máa wọ̀n, omi lásán kò sì tíì kan ọ̀fun rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó tún wò ó. Aró ni, aró tó ki dáadáa, láti ṣóńṣó ahọ́n dé ìdí rẹ̀. Ká ní ọmọ tó wà lórí òṣùwọ̀n níwájú rẹ̀ ló yán bẹ́ẹ̀, kò ní sí wàhálà, torí ahọ́n tìyẹn gbọ́dọ̀ pa aró kó tó lè wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n Táyé ló wà lórí òṣùwọ̀n. Kẹ́hìndé ló yán. Ẹ̀yìn ìyá àgbà ló wà, ó sanra, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n fún un ní oògùn kankan.

"Olùwọ̀n," ni Ajẹ́rìí wí láti ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, "ìwọ̀n ọmọ ńkọ́?"

Ajẹ́rìí kì í ṣe èèyàn. Òpó irin ni, ó ga tó ọmọ ọdún méjìlá, ó ní ojú kan ṣoṣo àti àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí ohùn ń gbà jáde. Àwọn tó ṣe é fún un ní ohùn bàbá arúgbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó. Bóyá wọ́n rò pé ìyẹn á máa fi àwọn abiyamọ lọ́kàn balẹ̀. Kò tíì fi ọkàn ẹnikẹ́ni balẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ń béèrè lẹ́nu Olùwọ̀n kó tó ṣílẹ̀kùn: ìwọ̀n ọmọ, ìgò ẹ̀jẹ̀, àti oògùn. Èyí tí Olùwọ̀n bá sì ti sọ níwájú rẹ̀, kò sí bó ṣe lè kó o jẹ mọ́.

"Kílò méje ó lé díẹ̀," ni Ìbíyẹmí dáhùn.

"Ìgò ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?"

"Ọ̀kan. Ó wà nínú yìnyín."

"Oògùn ńkọ́? Ṣé ọmọ ti mu amẹ́jẹ̀dúró tirẹ̀ pé fún ọjọ́ mẹ́ta?"

Ọdún mọ́kànlélógún ni Ìbíyẹmí ti ń dáhùn pé ó ti mu ún pé. Ó la ẹnu láti tún un sọ, ó bá pa ẹnu náà dé. Ó yíjú sí ìyá àgbà.

"Màmá, kí ló dé tí ahọ́n Kẹ́hìndé fi rí báyìí?"

Ìyá àgbà náà, Adétóún lorúkọ rẹ̀, rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó ti ń retí ìgbà tí wọ́n máa yin òun.

"Ẹ ò rí nǹkan, Nọ́ọ̀sì? Mo mọ iṣẹ́ mi. Bí mo bá ti bu ìdajì ṣíbí fún Táyé, ìdajì yòókù, ó di ẹnu Kẹ́hìndé. Láàárọ̀, lálẹ́, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, mi ò jẹ́ kó yẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kí n fún ọ̀kan kí n máa wo èkejì lójú ni? A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìbejì. Ohun tí Táyé bá jẹ, Kẹ́hìndé gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò."

"Ìdajì sí ìdajì?"

"Ìdajì sí ìdajì. Mi ò ṣojúsàájú."

Ṣíjúadé, ìyá àwọn ọmọ, ń ká aṣọ tí wọ́n bọ́ lára Táyé nígbà náà. Iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ orí okùn ló ń ṣe, àwọn ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn láti àfonífojì gun orí òkè wá, okùn kan sì ti já lọ́sẹ̀ yẹn, kò ráyè wálé fún ọjọ́ mẹ́ta. Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá! Ṣebí mo sọ fún yín pé Táyé ni!"

"O ní kí n fún ọmọ lóògùn. Ọmọ mélòó lo bí?"

"Màmá!"

"Olùwọ̀n," ni Ajẹ́rìí tún wí, "mo ń retí ìdáhùn. Ogún ìṣẹ́jú ló kù kí àyè ọmọ yìí tó kọjá sọ́wọ́ ẹlòmíràn."

"Mo gbọ́," ni Ìbíyẹmí wí. "Mo ṣì ń yẹ ọmọ wò."

Ó gbé Táyé kúrò lórí òṣùwọ̀n, ó gbé e lé èjìká. Orí ọmọ náà gùn sẹ́yìn, ó sì tín-ín-rín lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ìbẹ́pẹ. Ibi tí eegun orí méjì ti pàdé láàárín ló ti dì kí àsìkò rẹ̀ tó tó, ọpọlọ ń dàgbà nínú ilé tí kò fẹ̀ sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà ojú ti rí i pé ẹ̀yìn ojú ọmọ náà ti ń wú. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé pé bí wọn ò bá la orí náà láàárín oṣù méjì, ojú á lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún Táyé ní àyè tòní, àyè tí àwọn ọmọ mọ́kànlá mìíràn ń dúró dè.

"Ṣé ìdajì yẹn ò ní ṣiṣẹ́ rárá ni, mà?" Ṣíjúadé béèrè. Ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n.

"Ẹ jókòó, Ìyá Ìbejì. Ẹ jẹ́ kí n là á fún yín." Ó wu Ìbíyẹmí kí òun náà jókòó, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá jókòó, dídìde á di ìjà. "Bí wọ́n bá la orí ọmọdé, ibi tí wọ́n là á máa ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà á fúnra rẹ̀ dì, ṣùgbọ́n ara á tún máa tú ohun tó dì yẹn ká. Oògùn aláró yìí ni kì í jẹ́ kó tú. Bó bá pé nínú ara ọmọ, tí a wá fún un ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀ lórí tábìlì, ẹ̀jẹ̀ tó máa dà kì í ju ife tíì kan lọ. Ìgò kan tó wà nínú yìnyín yẹn á dí i. Bí kò bá pé, ife méjì ni. Nígbà míì, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó sì wà lára Táyé, kò ju ife mẹ́ta lọ."

"Ṣé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà lẹ ń sọ láti àárọ̀?" Ìyá àgbà ti ká apá aṣọ sókè, ó na ọwọ́ tó gbẹ bí igi. "Ẹ fa tèmi. Ẹ fà á tán bẹ́ ẹ bá fẹ́."

"Màmá, lọ́dún ibà pupa, níbo lẹ wà?"

"Èkó ni mo wà, kí òkun tó lé wa."

"Ó ti ba ẹ̀jẹ̀ yín jẹ́ nìyẹn. Ó ba tèmi náà jẹ́. Bẹ́ ẹ bá to ọgọ́rùn-ún àgbà síbí, bóyá ni ẹ máa rí ẹyọ kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣeé fún ọmọdé. Ọmọbìnrin kan ní Ìgbájọ ló fún wa níyẹn tẹ́ ẹ rí nínú yìnyín. Kò tún ní sí òmíràn títí oṣù tó ń bọ̀."

Ìyá àgbà rọra da apá aṣọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ṣí, Dókítà Akínsọlá yọ orí. Ọkùnrin tó ń la orí àwọn ọmọ nìyẹn. Kò tíì pé ogójì ọdún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti wọnú bíi ti ẹni tí kò sùn láti ọjọ́ mẹ́ta.

"Àǹtí, kí ló ń dá wa dúró? Àwọn ọwọ́ irin ti gbóná."

Ìbíyẹmí gbé Táyé fún ìyá rẹ̀, ó fa dókítà lápá lọ sí ibi tí ojú Ajẹ́rìí ò dé, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Akínsọlá fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó di ojú.

"Ahọ́n Táyé pa aró àbí kò pa?" ló béèrè.

"Ó pa."

"Ajẹ́rìí ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdajì àti odidi. Ahọ́n ló ń wò, ẹnu yín ló sì ń gbọ́."

"Èmi mọ ìyàtọ̀ rẹ̀."

"Bí a bá dá a padà, ó di oṣù mẹ́jọ kó tó tún kàn án, Àǹtí. Ọmọ tí a máa gbà wọlé nígbà náà, afọ́jú ni." Ó la ojú. "Mo lè ṣe é kíá. Mo ti ṣe é rí."

"A jọ ṣe é ni," Ìbíyẹmí wí.

Dókítà wolẹ̀. Ọdún kẹta rèé, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ ọmọ náà láàárín wọn láti ìgbà náà. Mọ́yọ̀sórẹ ni wọ́n ń pè é, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án. Ìyá rẹ̀ ní oògùn ti pé. Ara fu Ìbíyẹmí pé kò pé, aró ahọ́n ọmọ náà ti ń ṣí, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ti rẹ̀ ẹ́, ló bá ní ó pé. Ìgò ẹ̀jẹ̀ tán kí wọ́n tó dá eegun padà sí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kò sí ọmọ tó gbé lé òṣùwọ̀n tí kò rántí ìwọ̀n Mọ́yọ̀sórẹ. Kílò mẹ́jọ ó dín díẹ̀. Ìbànújẹ́ náà kò kúrò lára rẹ̀, ó kàn mọ bó ṣe ń gbé e kiri ni.

"Mi ò ní sọ pé ó pé," ló wí. "A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, Dókítà."

"Kí la wá fẹ́ ṣe?"

"Ìwọ náà mọ̀ ọ́n."

Akínsọlá mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí nílẹ̀ yìí ló ní ìpín amẹ́jẹ̀dúró kan: ìgò omi aró fún ọjọ́ mẹ́ta, abẹ́rẹ́ kan láti tẹ̀ lé e, ó tán. Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù tó ń pò ó, kò sì lè pò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni bá lo tirẹ̀ tán kò tún ní òmíràn títí ayé, kò sì sí ẹni tó lè lo ti ẹlòmíràn, ìyá ò lè lo tọmọ, àbúrò ò lè lo ti ẹ̀gbọ́n. Àfi ìbejì. Nígbà tí wọ́n ń ṣòfin náà, àwọn àgbà ilé ìgbìmọ̀ ló fárígá, wọ́n ní ìbejì ò ṣeé pín, pé òfin tó bá fi ògiri sáàárín ìbejì, àwọn ò ní fọwọ́ sí i. Wọ́n jà á fún ọjọ́ mẹ́fà. Níkẹyìn, wọ́n kọ ọ́ pé ìpín èyí lè ṣí fún tọ̀hún, bí ìyá tó bí wọn bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

"Abẹ́rẹ́ méjì pẹ̀lú ìdajì tó mu," ni Akínsọlá wí, ó ń fi ìka ṣírò lórí itan. "Á tó. Á tó dáadáa. Àǹtí, kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń wò mí báyẹn?"

"Torí èmi ni mo máa lọ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀."

Ó padà síta. Kó tó sọ ohunkóhun, ó lọ bá ìyá àgbà, ó sì gbé ìka méjì lé àwùjẹ̀ Kẹ́hìndé. Ó rọ̀, ó ń lù kìkì lábẹ́ ìka rẹ̀. Àwùjẹ̀ tó dára ni. Bẹ́ẹ̀ ló sì ti kà á nínú ìwé Táyé pé àwùjẹ̀ tìyẹn náà dára títí di oṣù kẹta. Ẹyin kan ló pín sí méjì tó bí wọn.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Ṣíjúadé, ó sọ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́: irọ́ tí òun ò ní pa, ilé tí wọ́n lè padà sí, àti ìpín Kẹ́hìndé. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àárẹ̀ ti mú Ìbíyẹmí kọjá kó máa fi ọ̀rọ̀ dídùn jẹ́ iṣẹ́ yìí. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ṣíjúadé gbọ́ ọ dópin.

"Bí orí Kẹ́hìndé náà bá wá dì ńkọ́?"

"A ò ní ní oògùn fún un."

"Ṣé ó lè dì?"

"Ó lè dì. Ó sì lè má dì. Orí rẹ̀ dára lónìí, mi ò lè ṣèlérí ọ̀la."

"Bó bá jábọ́ lórí igi nígbà tó bá pé ọmọ ọdún mẹ́wàá? Bí ọkọ̀ bá gbá a?"

"Bákan náà ni, Ìyá Ìbejì."

"Kí lẹ tún ń rò?" ni ìyá àgbà wí. "Ta ni ẹ̀gbọ́n nínú wọn? Kẹ́hìndé ni. Òun ló rán Táyé pé kó ṣáájú lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Táyé jẹ́ iṣẹ́ náà, iṣẹ́ ọ̀hún ló kó o sí wàhálà. Ṣé ẹni tó rán ni níṣẹ́ ò ní gbọ́ bùkátà rẹ̀ ni?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́." Omi ti wà lójú Ṣíjúadé, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́. "Ọmọ oṣù mẹ́fà ni. Kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Kò tíì lè dá jókòó dáadáa. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ àgbà bò ó fún mi. Bí mo bá mú un, èmi ni mo mú un."

Ó dà bíi pé ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ náà tó wọ ìyá àgbà létí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti ọmọ lẹ́yìn.

"Èmi ni mo ṣe é," ló wí. "Mo fẹ́ fi ìfẹ́ pa ọmọ."

"Màmá, ẹ ò tíì pa ẹnikẹ́ni. Ẹ dìde, ilẹ̀ tutù." Inú bí Ìbíyẹmí, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí arúgbó yìí. Àwọn tó ń pò oògùn náà ti ya àwòrán ọmọ sára ìgò, kí ẹni tí kò mọ̀wé lè mọ ẹni tó ni ín. Ọmọ kan péré ni wọ́n yà. Ilẹ̀ tí ìbejì pọ̀ sí ju ilẹ̀ gbogbo lọ ni wọ́n ń kó ìgò náà wá, kò sì sí ẹnì kankan nínú wọn tó ronú láti bi ìyá àgbà kan léèrè.

"Mà," Ṣíjúadé pè é. "Ká ní ọmọ yín ni, kí lẹ máa ṣe?"

Wọ́n ti bi Ìbíyẹmí ní ìbéèrè yìí títí ó ti sú u. Ó ní ìdáhùn kan tó máa ń fún wọn, ìdáhùn dídùn, tó ń jẹ́ kí àwọn ìyá mí kanlẹ̀. Lónìí, kò rí agbára láti gbé e jáde.

"Mi ò mọ̀," ló wí. "Irọ́ ni mo sábà máa ń pa fún ẹni tó bá bi mí. Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dárí jì mí."

"Ìṣẹ́jú mẹ́rin," ni Ajẹ́rìí wí.

Ṣíjúadé gbé Táyé fún Ìbíyẹmí. Ó lọ bá ìyá rẹ̀ nílẹ̀, ó tú ọ̀já, ó gbé Kẹ́hìndé, ó sì wò ó lójú pẹ́. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín sí i pẹ̀lú ahọ́n aláró yẹn. Ó gbé e dání lọ bá Ajẹ́rìí, ó na àtàǹpàkò.

"Ìyá," ni òpó irin náà wí, "ṣé o mọ̀ pé ìpín yìí kì í padà?"

"Mo mọ̀."

"Ṣé ẹnikẹ́ni fi ipá mú ọ?"

Ṣíjúadé rẹ́rìn-ín kan tí kò dùn. "Kò sẹ́ni tó fipá mú mi," ló wí, ó tẹ̀ ẹ́.

"Olùwọ̀n, oògùn ńkọ́?"

"Oògùn ò pé," ni Ìbíyẹmí wí. Ọdún mọ́kànlélógún, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ọ̀rọ̀ yẹn máa ti ẹnu rẹ̀ jáde síwájú ẹ̀rọ náà. "Ìdajì ni ọmọ yìí mu. Ìdajì yòókù wà nínú ìkejì rẹ̀. Mo ń fi abẹ́rẹ́ ìkejì rẹ̀ dí i."

Ajẹ́rìí fi ojú rẹ̀ kan ṣoṣo wo ọmọ méjèèjì títí tí Akínsọlá fi yọ orí wò. Lẹ́yìn náà, àpótí kékeré kan yọ jáde níkùn rẹ̀, ìgò abẹ́rẹ́ méjì sì wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju ìka ọmọdé lọ. Ilẹ̀kùn ṣí.

Nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n fi Táyé sùn. Ìbíyẹmí gún abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ sínú rọ́bà tín-ín-rín tó wọ iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ka ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èkejì sí i ní ẹ̀kán ẹ̀kán. Àwọn ọwọ́ irin sọ̀kalẹ̀ láti òrùlé, Akínsọlá ki ọwọ́ tirẹ̀ bọ inú ìbọ̀wọ́ tó ń darí wọn. Láti etí dé etí ni wọ́n là.

Iṣẹ́ Ìbíyẹmí ni kó máa gba àwọn aṣọ ìnujẹ̀, kó máa wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì máa pe iye rẹ̀. Ó wọn èkíní. Ó wọn èkejì. Ó wọn ẹ̀kẹta, ó rò pé òṣùwọ̀n ti bàjẹ́, ó tún un wọ̀n. Ibi tí wọ́n ti ń gbé eegun sókè ni ẹ̀jẹ̀ ti máa ń ya, ibẹ̀ náà ló ti ya lórí Mọ́yọ̀sórẹ tí gbogbo aṣọ fi rin gbingbin. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó fún àtẹ́lẹwọ́ pọ̀. Akínsọlá gbé eegun náà. Ẹ̀jẹ̀ yọ yíká etí rẹ̀ bí omi ṣe máa ń yọ lára ìkòkò amọ̀, ó dúró díẹ̀, ó sì dì síbẹ̀.

"Àǹtí," ni Akínsọlá wí, kò gbójú sókè. "Ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i. Máa ṣiṣẹ́ rẹ."

Wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú ló gbà wọ́n. Wọ́n gé eegun náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n tún un tò kó fẹ̀, wọ́n fi okùn tó ń yòrò nínú ara rán an. Ìdajì ìgò ẹ̀jẹ̀ ọmọ Ìgbájọ ni wọ́n lò. Nígbà tí Ìbíyẹmí ro gbogbo ìwọ̀n náà pọ̀, kò kún ife tíì. Akínsọlá bọ́ ìbọ̀wọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá náà, ó sì sùn lọ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tòun ti ìbòmú.

Ìbíyẹmí ló jáde. Àwọn méjèèjì dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ó yè," ló wí. "Ẹ̀jẹ̀ tó dà kò kún ife. Ẹ máa rí i láìpẹ́."

Ìyá àgbà kúnlẹ̀, ó fi orí kanlẹ̀, ó ń pe gbogbo orúkọ Ọlọ́run tó mọ̀, ó ń pe Ẹ̀jìrẹ́, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣíjúadé kò kúnlẹ̀. Ó mí, èémí náà jáde bíi pé àárọ̀ ló ti fà á sínú. Lẹ́yìn náà, ó rí ohun tó wà lọ́wọ́ Ìbíyẹmí.

Ẹ̀gbà ẹsẹ̀ ni. Irin funfun fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ó máa ń fẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá ṣe ń dàgbà, ẹnikẹ́ni ò sì lè bọ́ ọ. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ÌPÍN TI TÁN. Bí wọ́n bá gbé ọmọ kan tó ń ṣẹ̀jẹ̀ wọ ilé ìwòsàn èyíkéyìí nílẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò kí wọ́n tó wo ojú ọgbẹ́. Táyé ti ní tirẹ̀ lẹ́sẹ̀ níbi tó sùn sí. Ó kù kí èyí wà lẹ́sẹ̀ Kẹ́hìndé kó tó jáde lọ́gbà.

Ìbíyẹmí bẹ̀rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú. Ó ti fi ẹ̀gbà yìí sẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ tí kò lóǹkà, gbogbo wọn ló ti lo ìpín wọn fún ara wọn. Kò tíì fi sẹ́sẹ̀ ọmọ tí kò lo ohunkóhun rí. Ẹsẹ̀ náà ń jà gìjàgìjà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ṣeré. Ó gbìyànjú láti pa ẹnu ẹ̀gbà náà dé, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ó tún un gbìyànjú. Ó rẹ̀ ẹ́, ó rẹ̀ ẹ́ débi pé kò mọ̀ pé omi ti ń bọ́ lójú òun.

"Ẹ mú un wá, mà," ni Ṣíjúadé wí.

"Iṣẹ́ mi ni."

"Èmi ni mo tẹ àtàǹpàkò. Ẹ fi bí wọ́n ṣe ń dì í hàn mí."

Ìbíyẹmí fi hàn án. Ọwọ́ ẹni tó ń fi irin ṣiṣẹ́ ni ọwọ́ Ṣíjúadé, kò gbọ̀n. Ó yí ẹ̀gbà náà po ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó fi ìka kan sáàárín kó má baà fún un jù, ó sì tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dún kọ́. Kẹ́hìndé wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fà á wá sẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èrìgì jẹ irin náà.

Ṣíjúadé gbé e lé itan, ó kọjú rẹ̀ sí ara rẹ̀, ó sì bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀.

"Kẹ́hìndé, èmi ìyá rẹ ni. Mo mú nǹkan rẹ lónìí, mi ò sì bi ọ́ léèrè. Mo fi gba Táyé là. Màá máa sọ ọ́ fún ọ títí wàá fi gbọ́ èdè. Bí o bá dàgbà tí inú bá bí ọ, má bínú sí Táyé, kò mọ nǹkan kan. Má bínú sí ìyá àgbà. Èmi ni kí o bínú sí. Màá dúró níbẹ̀, wàá sì bínú náà tẹ́rùn."

Ajẹ́rìí ń pe Olùwọ̀n fún ọmọ karùn-ún. Ìbíyẹmí gbọ́ ọ dáadáa. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá náà, kò sì dá a lóhùn.